Ọkọ̀ Agolo àti Ọkọ̀ Tó Ń Dá Rìn

Parakou, ìrọ̀lẹ́ Sátidé

Ìdájọ́ tí àwa olùkọ́ tó jẹ́ adájọ́ dá lónìí níbi ìdíje ohun ìṣeré tí àwọn ọmọ ilé ìwé fọwọ́ ara wọn ṣe ń dùn mí lọ́kàn. Òfin ni pé kí ẹnikẹ́ni má ra nǹkan kan. Ohun tí ilé bá dà nù ni kí wọ́n lò. A rò pé olówó àti tálákà yóò dọ́gba.

Rafatu, ọmọ àdúgbò Banikanni tí òbí rẹ̀ kò lówó, fi agolo tòmátì ṣe ọkọ̀ tó ń fi okùn fà. Ọmọ ọ̀gá aṣọ́bodè yọ mọ́tò inú rédíò kásẹ́ẹ̀tì tí bàbá rẹ̀ dà nù. Tirẹ̀ ń dá rìn.

Wọ́n fẹ́ fún un ní ipò kìíní. Mo ní kò tọ́. Ọ̀gá ilé ìwé wa, tó ń pe gbogbo wa ní kámáráàdì bí ìjọba ṣe fẹ́, ní, "Kámáráàdì, ṣé ó rà á ni?"

Kò rà á. Mo bá wọn fọwọ́ sí i pé kí ó gba ipò kìíní.

Rafatu wá bi mí pé, "Màdáàmù, irú ilé wo ni wọ́n ti ń da rédíò nù?"