Sí Ọmọ Wa Tó Wà Nínú Ọkọ̀ Tí Kì Í Kúrò Lójú Kan

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun, ṣé o ń sùn? Ìyá rẹ kí ọ, orúnkún mi náà kí ọ, ṣùgbọ́n a ò ráhùn, ẹni tó ń rojọ́ orúnkún ṣì ń rìn. Ọlọ́run tó mú ọ wọlé ibẹ̀ ní àlàáfíà ni yóò mú ọ jáde láyọ̀.

Mo ti ṣàlàyé fún àwọn oníbàárà tó ń wá gẹrun lọ́dọ̀ mi pé ọkọ̀ ojú sánmọ̀ lo wà, pé kò kúrò nílẹ̀, ṣe ni wọ́n kàn tì yín mọ́bẹ̀ láti mọ bí ọkàn èèyàn yóò ṣe rí bó bá rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ mi, bí wọ́n bá ní kí o san owó ọkọ̀, má san án, níwọ̀n ìgbà tí táyà kò tíì yí.

Má bínú sí bí mo ṣe bú ọ lórí fóònù. Mo bi ọ́ pé ṣé àlàáfíà ni, o dákẹ́, mo rò pé o ti dàgbà kọjá ẹni tó ń dá bàbá rẹ̀ lóhùn, mo bínú títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi, ìgbà yẹn ni ìkíni rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Dókítà tó ń mójú tó yín níbẹ̀ ti ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń dá ohùn dúró lọ́nà ni, kó lè jọ ti ẹni tó jìnnà. Ìyá rẹ ti mọ̀ ọ́n lò: á kí ọ, á lọ fọ abọ́, á padà wá gbọ́ èsì. Ó ní ó tiẹ̀ dáa, o ò lè já lu ọ̀rọ̀ òun mọ́.

Dókítà náà fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, pé ká fi máàkì sọ bí ọkàn wa ṣe ń dàrú tó. Mo ṣe bí ìdánwò rẹ ni, mo fún gbogbo rẹ̀ ní máàkì tó ga jù kí o má baà fèèlì, ló bá sáré pè wá, ó ń rẹ̀ wá lẹ́kún.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé gan-an ni èyí tí o sọ fún ìyá rẹ, pé ìwọ àti ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀ kò bára yín sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ariwo tó ń pa bó bá ń jẹun, àti pé o fẹ́ tẹ aago kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ọ. Ó dùn mí gan-an. Mo ní kí èmi àti ìyá rẹ ti ara wa mọ́ yàrá lọ́jọ́ Àìkú, ká lè mọ ohun tí ojú rẹ ń rí. Kó tó di ọ̀sán, ìjà ti dé: ó ní mo ń súfèé jù, mo ní òun náà ń fẹsẹ̀ lu ibùsùn, a kọ̀yìn síra wa. Nígbà tó yá, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó nawọ́ sí irun mi láìsọ̀rọ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bàbá rẹ tó ń gẹrun fún gbogbo àdúgbò, irun tirẹ̀ ti di igbó. Mo jókòó. Èèyàn ò lè gbé orí lé ẹnìkan lọ́wọ́ kó tún máa bá a yan odì: ìwọ á ní rọra, òun á ní má mira, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó gẹ̀ ẹ́ gbágungbàgun, ẹ̀yìn etí mi pá kodoro, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Irun rẹ náà á ti gùn. Gbé orí rẹ fún ọkùnrin yẹn kó gẹ̀ ẹ́. Bó bá bà á jẹ́, màá tún un ṣe. Bí ọkàn rẹ bá ṣì wúwo lẹ́yìn ìyẹn, tẹ aago. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, èmi tí mo ń fi orí fífá jẹun kò ní jókòó síbí kí n máa pinnu fún ọ.

Jọ̀ọ́, fi owó fìlà ránṣẹ́, èyí tó máa bo etí, torí àwọn oníbàárà ń wo orí mi, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀, wọn kì í padà wá.

Ọlọ́run á fi ìbàlẹ̀ ọkàn jíǹkí rẹ, ẹni tí ẹ jọ wà kò ní di ọ̀tá rẹ. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, bó o jáde lọ́jọ́ tí wọ́n dá, bó o sì jáde lọ́la, aṣọ òun tó dára jù náà lòun máa wọ̀ wá pàdé rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.