Fíìmù Tí Kò Ní Orúkọ Bàbá Agim

Calgary, Sátidé, oṣù kejì, 1986.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Agim, ará Albania tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fíìmù, kò kúrò lọ́kàn mi. Ilé àwọn arúgbó la ti lọ ya fíìmù lónìí. Òun ló di kámẹ́rà mú, èmi ni mo ń gbé iná fún un. Ọwọ́ bàbá òyìnbó kan níbẹ̀ ń gbọ̀n ṣáá, ni ọ̀gá wa obìnrin bá ní ká yọ ọ́ kúrò nínú àwòrán.

Bàbá Agim gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Ó ní, "Ní Albania, ìjọba ju ọ̀rẹ́ mi sẹ́wọ̀n, wọ́n ní kí n gé e kúrò nínú fíìmù mi. Mo kọ̀. Wọ́n gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n lọ máa wa ilẹ̀. Mi ò ní ṣe é níbí náà."

Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Àmọ́ ọ̀gá ní, "Okay, leave him."

Nígbà tí à ń palẹ̀ mọ́, mo bi í pé, "Bàbá, fíìmù yín yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n ṣì ń fi hàn lọ́hùn-ún. Orúkọ mi ni wọ́n yọ."

Kò bínú rárá bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ń nu kámẹ́rà rẹ̀ lọ ni.

Ọ̀gá wá béèrè orúkọ wa tí yóò hàn níparí fíìmù. Mo ní kó kọ Wálé, ó ti tó.

"Rárá o," ni Bàbá Agim wí fún mi. "Kọ gbogbo rẹ̀."

Mo gba bébà lọ́wọ́ ọ̀gá, mo kọ ọ́ ní kíkún: Adéwálé Ògúnṣọlá. Mo fi àmì ohùn sí i.