Orúkọ Ọmọ Tí Rédíò Wa Gbà Là

Olóòtú ètò wa ọ̀wọ́n, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ẹgbẹ́ rédíò wa ní yunifásítì l'Àgọ́-Ìwòyè máa ń so rédíò mọ́ kọ̀ǹpútà, a sì ń kọ̀wé síra wa láìlo fóònù. Bàbá mi ní Efire, ìlú wa létí omi, máa ń sọ pé eré ọmọdé ni.

Nígbà tí mo gbé tèmi lọ sílé, ìjì ba nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù jẹ́, ìrọbí sì mú ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ kò wá. Mo kọ̀wé sí ẹgbẹ́. Wọ́n ta á látagbà sí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní Abígí, ìyẹn sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé nọ́ọ̀sì wá. Tìyá tọmọ yè.

Bàbá sọ níwájú ẹbí pé, "Ìwọ ni o máa kọ́kọ́ sọ ọmọ yìí lórúkọ." Orí mi wú.

Sátidé ni ìkómọ. Ẹ̀yin olùgbọ́, orúkọ wo ló yẹ ọmọbìnrin yìí?