Wá Kì í Ṣe Wọlé

Ìyá Aláròyé, ọmọ mi,

A ti borí wọn. Orúkọ ọmọ rẹ ṣì wà nínú rẹ́jísítà, àmì wíwá mẹ́rin gbáko ló tò síwájú rẹ̀, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé ọjọ́ Ẹtì, bẹ́ẹ̀ kò fi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ kíláàsì. Jókòó dáadáa kí n tó ròyìn.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé yàrá tí o ní ó ń jò yẹn ti yéé jò? Ẹni tó dá mi sí látìgbà tí mo ti ń fi orí ru iyanrìn, títí mo fi di oníbúlọ́ọ̀kù tó ní mọ́tò akẹ́rù, òun náà ni yóò dá ọ sí níbẹ̀. Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní kí n má sọ fún ọ ohun tí mo ṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí nígbà tó lọ pọnmi.

O rántí ìwé òfin tí ilé ìwé fi rán ọmọ sí wa. Ojú ewé mẹ́ta ni. Ìwé mẹ́ta náà ni mo kà kí n tó kúrò nílé ìwé, torí náà èmi àtòun dọ́gba. Wọ́n ní kí n kọ ọ̀nà tí ọmọ ń gbà wá sílé ìwé. Mo kọ ọ́. Mo ní ó máa ń gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, yóò yà lọ́tùn-ún níbi igi tí àrá sán, yóò wá sáré díẹ̀ nítorí ajá télọ̀. Mo tún ya ajá náà sí i, kí wọ́n lè dá a mọ̀. Ọ̀gá ilé ìwé ránṣẹ́ pè mí, ó ní bàbá, bóyá ẹsẹ̀ ni tàbí mọ́tò ni òun ń bèèrè. Mo ní ẹ̀ bá bèèrè ẹsẹ̀, ọ̀nà lẹ bèèrè. Ó ní tó bá jẹ́ mọ́tò, ọmọ gbọ́dọ̀ ní ìjókòó tirẹ̀, kò gbọdọ̀ jókòó lórí ẹrù, ó gbọ́dọ̀ de bẹ́líìtì, mọ́tò ò sì gbọdọ̀ kọjá géètì. Mo ní kò burú. Iwájú mọ́tò mi, sìmẹ́ńtì ló ń jókòó síbẹ̀ kí òjò má baà pa á, torí náà mo gbé àga tìmùtìmù tí o rà fún wa, mo kàn án ní ìṣó mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, mo sì fi bẹ́líìtì ṣòkòtò ìgbéyàwó mi de ọmọ rẹ. Ó yí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ọmọ mìíràn nílé ìwé yẹn tó ń de bẹ́líìtì aláwọ, mo ti wò wọ́n.

Bí ọ̀sẹ̀ ìdánwò ṣe kù ọ̀la ni ṣegede mú Aláròyé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì wú bí ẹni tó kó ọsàn pamọ́ sẹ́nu. Mo pe ọ̀gá ilé ìwé, ó ní ojú ewé kejì ti sọ ọ́, ọmọ tí àìsàn tó ń ràn bá mú kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì fún ọjọ́ márùn-ún. Mo ní ìdánwò ńkọ́? Ó ní ojú ewé kẹta ti sọ ìyẹn náà, ọmọ tí kò bá wá fún ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ìdánwò, wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀, yóò tún kíláàsì kà. Ìwé kan náà o. Ẹnu kan ní kó má wá, ẹnu kejì ní kó má ṣàìwá.

Ìwọ náà sọ lórí fóònù pé kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé títún ìwé mẹ́ta kà kì í ṣe ikú. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò yọ orúkọ tìẹ rí. Ìwé mẹ́ta ni mo wà nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá mi ò mọ̀ọ́kọ, kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà. Ọjọ́ tí mo padà, tíṣà pe orúkọ gbogbo kíláàsì tán, kò pe tèmi. Mo dúró kó pè é. Títí agogo ọ̀sán fi lù ni mo wà lórí ìdúró. Lọ́jọ́ kejì mo lọ ru iyanrìn. Lónìí èmi ni mo mọ èyí tó pọ̀ jù nínú búlọ́ọ̀kù ògiri ilé ìwé náà, ṣùgbọ́n wọn ò tíì pe orúkọ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹnìkan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé ọmọ yín kò wá lónìí. Mo fèsì pé mo mọ̀, ẹ̀yin lẹ ní kó má wá. Ó ní ẹ ṣeun, ọmọ yín kò wá lónìí. Mo bi í pé ọmọ ta ni ìwọ gan-an. Ó ní ẹ ṣeun, ọmọ yín kò wá lónìí. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo fèsì, títí owó fóònù fi tán, kò bínú, kò yí ohùn padà. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ẹni tó lè gba èébú mọ́kànlá kó ṣì máa dúpẹ́, àgbà ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á nítumọ̀. Mo gbé ìwé òfin jáde, mo fi ìka tẹ̀lé e. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ojú ewé kejì ní kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì. Ojú ewé kẹta ní ó gbọ́dọ̀ wá. Wá kì í ṣe wọlé. Ṣebí agbowó-orí máa ń wá sí ọgbà búlọ́ọ̀kù mi lóṣooṣù, kò tíì wọlé rí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo gbé mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, lẹ́yìn ògiri, níwájú fèrèsé kíláàsì wọn gan-an. Aláròyé wà lórí àga, ìborùn ìyá rẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Tíṣà ń pe orúkọ. Nígbà tó kan tirẹ̀, ó dáhùn láti inú mọ́tò pé mo wà níbí, ohùn náà ń jáde bí ohùn ẹni tó wà nínú ìkòkò. Gbogbo kíláàsì dé ojú fèrèsé.

Ọ̀gá ilé ìwé jáde, ó ní bàbá, kí lèyí. Mo ní ọmọ yín ló wá. Ó ní ara rẹ̀ ò yá. Mo ní ìdí tí kò fi wọlé nìyẹn. Ó ní kí n gbé mọ́tò kúrò. Mo ní ṣé mo kọjá géètì? Ó wo géètì. Mo ní ṣé kò ní ìjókòó tirẹ̀? Ó wo àga. Mo ní bẹ́líìtì ńkọ́, Aláròyé sì nawọ́ sí i fún un láì jẹ́ pé mo rán an. Ó ní tí òun bá gba èyí, gbogbo ọmọ ni yóò fẹ́ ṣe ìdánwò lórí àga tìmùtìmù. Mo ní kí bàbá wọn lọ kan tiwọn. Ó wá yíjú sí tíṣà, ó ní kí wọ́n na ìwé ìdánwò sí ọmọ náà, ṣùgbọ́n tó bá kọ ọ́ tán, kó fi í sínú ọ̀rá, kó gbé e sórí ògiri, òun fúnra òun á mú un tí ọjọ́ márùn-ún bá pé.

Mo to búlọ́ọ̀kù mẹ́fà, mo gbé pákó lé e, ó di tábìlì. Tíṣà ń ka ìbéèrè láti ojú fèrèsé. Ọjọ́ mẹ́rin la fi ṣe é, òjò pa wá lẹ́ẹ̀kan, mo ta tapólì lé wa lórí. Wọ́n ti yẹ ìwé ìdánwò rẹ̀ wò báyìí. Ó bọ́ sí ìwé mẹ́rin, ibi tí n kò dé rí.

Ayọ̀ pé a ṣe é tán ló jẹ́ kí n má wo ẹ̀yìn nígbà tí mo ń fi mọ́tò rìn sẹ́yìn lọ́jọ́ Ẹtì. Mo fi gbá igun ògiri wọn. Kí ó yé ọ pé apá tí èmi mọ dúró gbọn-in, ẹ̀yìn mọ́tò ló tẹ̀. Apá tí wọ́n rà lọ́wọ́ oníbúlọ́ọ̀kù ẹ̀bá odò ló wó. Ọ̀gá ilé ìwé ní kò kan òun, kí n fi búlọ́ọ̀kù ọgọ́ta dí i, ó sì mú mi fọwọ́ sí ìwé. Mo fọwọ́ sí i. Òun náà gbọ́n, mo gbà fún un. Mo ti kó ogójì lọ, sìmẹ́ńtì mi ló tán. Fi owó àpò kan ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Rú, torí búlọ́ọ̀kù tútù kì í dúró. Má fi gba orí fóònù, ẹni tó ń dúpẹ́ yẹn lè ṣì wà níbẹ̀.

Ọlọ́run á ṣílẹ̀kùn fún ọ níbi tí wọ́n bá ti ní o ò gbọdọ̀ wọlé. Nínú ìwékíwèé tí wọ́n bá ti ń pe orúkọ, wọn á pe tìẹ.

Èmi ni bàbá rẹ, oníbúlọ́ọ̀kù gidi.

Ó ku ogún búlọ́ọ̀kù, ìwé tí mo fọwọ́ sí ní kó pé kí agogo ilé ìwé tó lu mẹ́jọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.