Ìbéèrè Ìlasa Nínú Géèmù Ọ̀kadà

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ọkàn mi ò balẹ̀ láti àárọ̀. Òní ni Akọ̀wé, àbúrò ọkọ mi, fi àwọn ìbéèrè tí mo kọ sínú géèmù eré-ìje ọ̀kadà tó ṣe, èyí tí àwọn èèyàn jọ máa ń gbá lórí fóònù láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ti ní bí ìbéèrè bá lé àwọn tó ń gbá a sá, òun á yọ gbogbo ìbéèrè náà kúrò. Èmi tí mi ò kọjá sẹ́kọ́ńdírì…

Ìbéèrè kẹta ló dá wàhálà sílẹ̀: “Ọbẹ̀ wo ló ń jẹ́ kí wọ́n máa bí ìbejì ní Ìgbó-Ọrà?” Mo ní ìlasa ni ìdáhùn. Ṣebí ohun tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn.

Obìnrin kan láti Ìdèrè kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀: “Irọ́ rèé o! Láti kékeré ni mo ti ń jẹ ìlasa, ọmọ kọ̀ọ̀kan ni mò ń bí!”

Ẹlòmíràn fèsì: “Bóyá iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú tìẹ.”

Mo wo ọmọ mi tó ń mu ọmú, òun nìkan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ èmi náà kì í fi ìlasa ṣeré.

“Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìyàwó wa, ta ló sá? Wọ́n ti pa ọ̀kadà tì, ọ̀rọ̀ ìlasa ni wọ́n ń bá ara wọn fà! Kàn kọ ọ́ pé ‘ọbẹ̀ wo ni wọ́n ní ó ń fa ìbejì.’”

Mo tún un kọ. Obìnrin Ìdèrè yẹn gan-an ló kọ́kọ́ dáhùn pé ìlasa ni. Ó wá kọ ọ́ pé: “Tíṣà, ẹ gbé òmíràn wá!”

Èmi ló ń pè ní tíṣà.