Òòfà Kò Yọ Iyọ̀ Kúrò Nínú Omi Ìsàlẹ̀ Àpáta

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Ìsàlẹ̀ Àpáta,
Ọ̀kà Àkókó.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹjọ, 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Omi Àdúgbò,
Ìkàrẹ́ Àkókó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ YẸ OMI Ẹ̀RỌ WA WÒ KÍ WỌ́N TÓ DÍ KÀNGA ÀTIJỌ́

1. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí. Omi ẹ̀rọ tí ìgbìmọ̀ yín gbẹ́ fún wa níyọ̀ débi pé ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹfà, Ẹnjiníà Oyèbọ̀dé, agbaṣẹ́ṣe tí ẹ rán sí wa, so irin òòfà méjì mọ́ páìpù rẹ̀, ó ní òòfà yóò fa iyọ̀ náà jáde. Wọ́n sì ri pátákó kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀ pé omi náà kò níyọ̀ mọ́.

2. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, ẹnjiníà gbé àpò obì kan wá. Ohun tó kọ́kọ́ fu mí lára nìyẹn, nítorí onílé ló ń fi obì lọ àlejò níbi tiwa. Ó sì rí i dájú pé a jẹ ẹ́ kí ó tó ṣí ẹ̀rọ. A mu omi náà, ó dùn, a pàtẹ́wọ́. Ta ni kò mọ̀ pé omi lásán pàápàá a máa dùn lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rántí lọ́jọ́ náà, èmi gan-an kò rántí.

3. Màmá mi, Alhájà Limota, kò jẹ obì torí kò léyín mọ́. Òun nìkan ló ní iyọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní ogbó ló ń dà á láàmú. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ iyọ̀ fún un. Èmi ni mo bu omi náà fún un, tí mo ní kó máa mu ún. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi wú.

4. Ìgbà náà ni mo tó ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe. Mo bu ife mẹ́wàá omi níbi tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ òòfà, mo bu mẹ́wàá lẹ́nu ẹ̀rọ, mo sì sè wọ́n gbẹ. Iyọ̀ tó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò méjèèjì dọ́gba lórí òṣùwọ̀n iléèwé wa. Mi ò sọ pé òòfà kò lè ṣe ohunkóhun lára omi. Mo ti kà á pé ó lè dín ẹfun tí omi máa ń fi sílẹ̀ nínú kẹ́tùlù kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í ṣe irin. Mo sọ èyí fún ẹnjiníà. Ó ní kí n lọ máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

5. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù yìí, ẹnjiníà àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi òkúta dí kànga àtijọ́ tí a ń lò kí ẹ tó gbẹ́ ẹ̀rọ, èyí tí omi rẹ̀ kò níyọ̀. Níbẹ̀ nìkan ni mo ti ń pọn omi fún màmá báyìí. Kí ló dé tí ojú ń kán wọn tó bẹ́ẹ̀? Ó jọ pé wọn kò fẹ́ kí omi mìíràn wà tí a lè fi wé tiwọn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ dá wọn dúró, ẹ yọ pátákó yẹn, kí ẹ sì rán ẹni tí yóò gbé omi lọ fún àyẹ̀wò. Kí ẹni náà má gba obì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Màmá kì í bi mí mọ́ bóyá iyọ̀ wà nínú omi tí mo bá gbé fún un. Ojú mi ló máa ń wò, lẹ́yìn náà ni yóò mu ún.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, tí ń retí yín kí ọjọ́ Ajé tó dé,

Tàwàkálítù Sàláwù (Ìyáàfin),
Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì.