Ehoro Wa Kò Lè Họ Etí Mọ́

Àbúrò mi,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Bó o bá jí, rọra ṣílẹ̀kùn, torí ẹ̀rù ṣì ń ba ehoro wa látìgbà tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún ẹ̀. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Oògùn apàrora ẹ̀ wà lórí fìríìjì. Fún un kó o tó jẹun tìẹ. Bí kò bá fẹnu kan ewé, sáré gbé e lọ bá dókítà ẹran.

Láàárọ̀ yìí, etí ọ̀tún ń yún un. Ó fẹ́ fẹsẹ̀ họ ọ́, àmọ́ kùkùté ẹsẹ̀ tó kù ló ń jù lásán nínú afẹ́fẹ́. Ojú mi ò gbà á.

Ìwọ lo pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ìwọ ni wàá máa bá a họ etí yẹn. Jáde nínú yàrá tó o ti ń sunkún. Ẹkún ò lè họ ọ́.